Kí ló dé tí tan⁻¹ 0.75 kì í ṣe 1 ÷ tan 0.75? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi là á yé

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3 · Ọjọ́ Ajé, 7:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àgbà. WAEC ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ tan (táńjẹ́ntì) yìí ò sì tíì yé mi. Ìbéèrè tí wọ́n fún wa ní kíláàsì rèé: ẹnì kan dúró síbi tó jìnnà sí ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní mítà 24. Òpó náà ga ní mítà 18. Dìgírì mélòó ni ẹni náà máa gbójú sókè kó tó rí orí òpó?

Mo mọ̀ pé a máa mú ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun, a ó fi ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ pín in. 18 ÷ 24 jẹ́ 0.75. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti dí mọ́ mi. Ìwé kọ tan⁻¹ 0.75. Ohun tí wọ́n sì kọ́ wa nígbà tí à ń ṣe index ni pé 5⁻¹ jẹ́ 1/5, 10⁻¹ jẹ́ 1/10. Mo wá tẹ 1 ÷ tan 0.75 sórí kàkúlétọ̀, ó gbé 76.39 jáde. Ó jọ igun lójú mi, mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé dìgírì 76.39. Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i, wọn ò sọ ohun tí mo ṣì. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí tẹ SHIFT tan 0.75 (bọ́tìnnì tan⁻¹ nìyẹn), tiẹ̀ gbé 0.6435 jáde. Ìdáhùn tó wà lẹ́yìn ìwé sì ni 36.87.

Ìbéèrè kan, ìdáhùn mẹ́ta. Ẹ bá mi tú u.

Tíṣà_Ìṣirò · Ọjọ́ Ajé, 8:25 alẹ́

Ọmọ mi, o káre. O kọ gbogbo ohun tó o tẹ̀ sílẹ̀, òun ló jẹ́ ká lè rí ibi tó ti wọ́. Ọdún 28 ni mo fi kọ́ ọmọ ní ìṣirò kí n tó fẹ̀yìn tì, kò sí àṣìṣe tí mo rí tó èyí lórí ọ̀rọ̀ tan. Kì í ṣe pé orí yín ò pé. Àmì tí wọ́n ń lò ló ń ṣi ọmọ lọ́nà.

Gbé kàkúlétọ̀ sílẹ̀ ná. Fojú inú wo ọ̀nà kan tó ń gun òkè. Bó o bá rin mítà 1 síwájú, mélòó ni ọ̀nà náà ti gbé ọ ròkè? Ìdáhùn yẹn gan-an ni tan. Bí tan bá jẹ́ 0.75, á jẹ́ pé ní gbogbo mítà 1 tó o bá rìn, o ti gòkè ní sẹ̀ntímítà 75. Bó o bá rin mítà 24, o ti gòkè ní 24 × 0.75, ìyẹn mítà 18. Òpó rẹ nìyẹn.

Igun ni wọ́n ń fún tan, òun á sì fún wa ní bí gíga ṣe pọ̀ tó fún mítà kan. tan 10° jẹ́ 0.176. tan 30° jẹ́ 0.577. tan 45° jẹ́ 1 gééré, torí pé gíga àti ilẹ̀ bára dọ́gba níbẹ̀. tan 60° jẹ́ 1.732. Tan 80° ti fò dé 5.671. Wò ó dáadáa, kì í rìn ní ìṣísẹ̀ kan náà. Bó ṣe ń sún mọ́ 90 ló ń sáré.

tan⁻¹ ni ìbéèrè tó ń padà sẹ́yìn. Gíga fún mítà kan ni wọ́n fún un, ó sì ń béèrè pé: igun wo ló bí èyí? Nígbà tá ò tíì ní kàkúlétọ̀, ìwé four-figure la fi ń ṣe é. A óò ṣí ojú ìwé tan, a óò wá 0.75 láàárín àwọn nọ́ńbà inú, a óò wá fi ìka tọ ìlà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì láti ka dìgírì. Tí a bá ń wá tan, láti ẹ̀gbẹ́ la ti ń wọ àárín. Tí a bá ń wá tan⁻¹, láti àárín la ti ń jáde sí ẹ̀gbẹ́. Ọmọ tó bá ti fi ìka rìn ín lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò lè dà á pọ̀ mọ́ 1 ÷ tan mọ́ láé.

Kí wá ni 76.39 tìrẹ? Nígbà tó o tẹ tan 0.75, kàkúlétọ̀ gbà pé igun ni 0.75. Dìgírì 0.75 kéré gan-an, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú ni. Tan rẹ̀ jẹ́ 0.01309. Nígbà tó o wá fi í pín 1, o rí 76.39. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé lórí ọ̀nà tó gòkè ní dìgírì 0.75 péré, o ní láti rin mítà 76.39 kó o tó ga ní mítà 1. Òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn o, ṣùgbọ́n mítà ló ń sọ, kì í ṣe dìgírì, ìbéèrè tó ń dáhùn kì í sì í ṣe tìrẹ.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ sì tọ̀nà, àfi pé rédíánì, ìyẹn ọ̀nà mìíràn tí a fi ń wọn igun, ni kàkúlétọ̀ rẹ̀ ń sọ. Kó wo òkè ojú rẹ̀, ó máa rí lẹ́tà R níbi tó yẹ kí D wà. 0.6435 × 180 ÷ π, ó máa rí 36.87.

Kí o tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan lọ́jọ́ ìdánwò, bi ara rẹ léèrè: èwo ló pọ̀ jù, gíga ni àbí ilẹ̀? 18 kò tó 24. Igun kò gbọdọ̀ tó 45. Tí 76 bá jáde, o ti mọ̀ pé nǹkan ti wọ́.

Kápẹ́ńtà_Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. Èmi ò kàwé dé SS3, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mo fi ń ṣe ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí, kí n fi tèmi kún un torí ọmọ náà.

Ilé tó fẹ̀ ní mítà 8, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mítà 4. Igi àárín tó gbé góńgó òrùlé dúró, ẹ jẹ́ ká ní mítà 2 ni. 2 ÷ 4 jẹ́ 0.5. Àwọn tó ń rọ páànù orí góńgó béèrè igun lọ́wọ́ mi, wọ́n fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọṣẹ́ mi kan, ọmọ tó gbọ́n ni, ó dáhùn kíá pé: “Ọ̀gá, tí igi àárín bá ga ní mítà 4, igun 45 ni. Ó wá ga ní mítà 2, ìdajì ni, igun á jẹ́ 22.5.” Ó dùn létí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀.

Mo ní kó mú pákó, kó yà á sílẹ̀ lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, kó fi ìwọ̀n igun wọ̀n ọ́n. Ó kọjá 26. Ọmọ mi obìnrin bá wa tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù: 26.57. Ìyàtọ̀ dìgírì 4 rèé. Tí wọ́n bá tẹ páànù yẹn sí 22.5, kò ní jókòó sórí pákó, òjò àkọ́kọ́ ló máa fi hàn. Ẹni tó bá fẹ́ 22.5 lóòótọ́, igi àárín rẹ̀ kò ní ju mítà 1.66 lọ. Ẹni tó bá fẹ́ 30, mítà 2.31.

Gíga lè pín sí méjì, igun ò ní bá a pín sí méjì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn di èyí mú.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́rin · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Ọmọ mi tẹ tan 90 lánàá, kàkúlétọ̀ kọ Math ERROR. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo rò pé ó ti bàjẹ́, mo ti ń múra àtira òmíràn. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé òótọ́ ló bàjẹ́?

Tíṣà_Ìṣirò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Màámi, ẹ fi owó yín pamọ́. Kò bàjẹ́ rárá, òótọ́ ló sọ.

Ẹ rántí ọ̀nà tó ń gun òkè. Ní 90, kì í ṣe ọ̀nà mọ́, ògiri ni. Bí a bá ní kẹ́ni rin mítà 1 síwájú, kò lè rìn ín, ògiri ti dí i. Ilẹ̀ tí a fẹ́ fi pín gíga ti di òdo, kò sì sí ẹni tó lè fi òdo pín nǹkan. Ìdí tí kàkúlétọ̀ fi kọ̀ nìyẹn.

Ẹ ní kí ọmọ yín tẹ èyí, kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́: tan 89, ó máa rí 57.29. Tan 89.9, ó máa rí 572.96. Tan 89.99, ó máa rí 5729.58. Kó wá ré kọjá sí 90.1. Ó máa rí −572.96. Nọ́ńbà náà gùn sókè títí ojú ò fi tó o mọ́, ó sì yọ láti ìsàlẹ̀ lódì kejì. Tí ẹ bá wo gíráàfù rẹ̀, ibẹ̀ ni ìlà ti já.

Kó tún yí i padà. tan⁻¹ 100 jẹ́ 89.43. tan⁻¹ 1,000,000 jẹ́ 89.99994. Nọ́ńbà yòówù kó kó sínú rẹ̀, kò ní dé 90 láéláé.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3 · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣé gan-an sà, ẹ ṣé bàbá kápẹ́ńtà. Mo ti tún ìbéèrè márùn-ún ṣe, mo gba mẹ́rin. Ẹ̀karùn-ún ló tún dà mí láàmú. Wọ́n ní ká wá gbogbo igun θ láàárín 0 sí 360 tí tan θ fi jẹ́ −1. Mo tẹ SHIFT tan −1, ó ní −45. −45 kò sí láàárín 0 sí 360! Ìdáhùn tí ìwé fún wa ni 135 àti 315. Báwo ni kàkúlétọ̀ ṣe lè fúnni ní ìdáhùn tí kò sí lára ohun tí wọ́n béèrè?

Tíṣà_Ìṣirò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:15 ìrọ̀lẹ́

Ìbéèrè gidi nìyí. Inú mi dùn.

O mọ Ìgbòọrà, ìlú tí ìbejì pọ̀ sí. Bó o bá dúró láàárín ọjà wọn, tó o kígbe pé “Táíwò!”, ènìyàn mélòó ló máa yíjú? Orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni o pè. Láti ara ènìyàn lọ sí orúkọ, kò sí wàhálà: o rí ọmọ, o bi í pé kí lorúkọ rẹ, ó ní Táíwò. Láti ara orúkọ padà sí ènìyàn ni wàhálà wà, torí orúkọ kan, olórúkọ púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni tan rí. Ní gbogbo dìgírì 180, ó máa ń tún ara rẹ̀ sọ. Tan 135 jẹ́ −1. Fi 180 kún un, tan 315 jẹ́ −1. Yọ 180 kúrò, tan −45 jẹ́ −1. Wọn ò lópin, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́. Tí wọ́n bá wá ní kí kàkúlétọ̀ mú ẹnì kan ṣoṣo wá, ó ní láti ní àdúgbò kan tó ti máa ń mú un. Àdúgbò tí àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹnu kò sí ni àárín −90 sí 90. Láàárín ibẹ̀, kò sí igun méjì tó ní tan kan náà, kò sì sí nọ́ńbà tí kò ní igun tirẹ̀. Kàkúlétọ̀ fún ọ ní ẹni tó ń gbé àdúgbò yẹn. Àwọn tó kù, ìwọ lo máa fi 180 wá wọn: −45 + 180 = 135, 135 + 180 = 315, èyí tó kàn jẹ́ 495, ó ti kọjá 360.

Fún ìdánwò, tẹ tan⁻¹, kó o máa fi 180 kún un títí wàá fi kó gbogbo èyí tí wọ́n béèrè tán.

Gbé èyí dání lọ sùn: kí ni tan⁻¹(tan 250°)? Sọ ohun tó o rò kó o tó tẹ̀ ẹ́.

Awọnlẹ̀_Abẹ́òkúta · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:40 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ẹ má bínú, mo fẹ́ yà kúrò lára ọ̀rọ̀ yín díẹ̀ níbì kan. “Máa fi 180 kún un” tó fún ìdánwò, torí gbogbo igun ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀. Lórí ilẹ̀, ẹyọ kan ló jẹ́ òótọ́, tan⁻¹ nìkan ò sì lè sọ èyí tó jẹ́.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ awọnlẹ̀, wọ́n rán mi lọ fi òkúta ààlà sílẹ̀ lẹ́yìn ìlú. Láti òkúta kìn-ín-ní sí ìkejì, ìwé sọ pé ìlà-oòrùn jẹ́ −30, àríwá jẹ́ −40, ìyẹn ni pé ká lọ sí ìwọ̀-oòrùn ní mítà 30 àti sí gúúsù ní mítà 40. Mo fi −40 pín −30. Máínọ́ọ̀sì méjèèjì pa ara wọn, mo rí 0.75, nọ́ńbà tí ọmọ yìí rí gan-an. Mo tẹ tan⁻¹, mo rí 36.87. Mo yí ẹ̀rọ sí dìgírì 36.87, a na téèpù ní mítà 50, a sì gbẹ́ ihò.

Inú oko ẹ̀gẹ́ la bára wa. Bàbá tó ni oko jáde wá, ó dúró tì wá pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Kò pariwo. Ó kàn ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ló ta ilẹ̀ mi fún yín?” Mo rántí bí ewé ẹ̀gẹ́ tí a ti gé ṣe dùbúlẹ̀ síbẹ̀. A bẹ̀ ẹ́, a san owó ẹ̀gẹ́, a sì dí ihò.

Bearing tó tọ̀nà, ìyẹn igun tí a ń kà láti àríwá yí lọ sí ìlà-oòrùn, ni 216.87. Òdì kejì pátápátá ni mo kọrí sí. 36.87 àti 216.87 ní tan kan náà, bí ẹ ṣe wí, Táíwò méjì ni wọ́n. Ohun tó máa jẹ́ kí n mọ èyí tó jẹ́ tèmi ni máínọ́ọ̀sì méjèèjì yẹn, èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi nù wọ́n dànù nígbà tí mo pín.

Láti ọjọ́ náà, mi ò pín mọ́ láìkọ́kọ́ yàwòrán. Bí àríwá bá jẹ́ máínọ́ọ̀sì, mo máa ń fi 180 kún ohun tí tan⁻¹ bá sọ, ohun yòówù kí ìlà-oòrùn jẹ́. Bí àríwá bá jẹ́ plọ́ọ̀sì tí ìlà-oòrùn sì jẹ́ máínọ́ọ̀sì, 360 ni mo ń fi kún un. Bí méjèèjì bá jẹ́ plọ́ọ̀sì, mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Adé_Manchester · Ọjọ́rú, 12:20 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Awọnlẹ̀, ẹ kú ewu o. Ohun tẹ́ ẹ fi ojú rí yẹn ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe atan2 sínú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ prógíráàmù fún ẹ̀rọ tó ń rìn fúnra rẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rùsí, ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó.

atan lásán, ìyẹn tan⁻¹ nínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà kan ló ń gbà, lẹ́yìn tí ẹ ti pín in tán. atan2 ń gba méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó ń wo àmì ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó sọ̀rọ̀, nítorí náà gbogbo òbìrìkìtì ló mọ̀, kì í ṣe ìdajì. Kódà bí èyí tí a fi ń pín bá jẹ́ òdo, kò ní kọ ERROR.

Ohun méjì ni kẹ́ni tó bá fẹ́ lò ó ṣọ́ra fún. Àkọ́kọ́, rédíánì ló máa ń dá padà. Ìkejì, wọn ò tò ó bákan náà níbi gbogbo. Nínú Python, èdè tí a fi ń kọ prógíráàmù, y (gíga) ló ń ṣáájú x (ilẹ̀). Nínú Excel, x ló ń ṣáájú y. Fún bearing tiyín, tí a ń kà láti àríwá, ẹ ó kọ math.atan2(-30, -40) nínú Python, ìlà-oòrùn ṣáájú. Nínú Excel ẹ ó kọ =ATAN2(-40,-30), àríwá ṣáájú. Méjèèjì máa fún yín ní −2.498. Ẹ sọ ọ́ di dìgírì, ó di −143.13, ẹ fi 360 kún un, 216.87 dé. Mo ti rí ẹni tó kó iṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì láìyí i padà, tí gbogbo àwòrán rẹ̀ sì dorí kodò.

Ààfáà_Ìlọrin · Ọjọ́rú, 5:35 ìrọ̀lẹ́

Àlàáfíà fún yín. Ìrun Àlàásárì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí tán, ọ̀rọ̀ yín sì wà lọ́kàn mi níbẹ̀, torí pé orí tan gan-an ni àkókò ìrun náà dúró lé.

Kí aago tó dé, òjìji la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ gún igi mítà 1 mọ́lẹ̀ kó dúró ṣánṣán. Ní ọ̀sán gangan, ẹ fi àmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ mọ. Nígbà tí òjìji bá ti fi odindi gígùn igi náà kọjá àmì yẹn, àkókò Àlàásárì ti wọlé ní mazhab Maliki, ìlànà ẹ̀sìn tí àwa ń tẹ̀ lé. Nílùú wa níbí, nǹkan bí April 12 àti ní ìparí August, oòrùn máa ń wà lókè orí wa ṣánṣán ní ọ̀sán, igi kì í sì í ní òjìji. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Àlàásárì máa ń wọlé nígbà tí òjìji bá gùn tó igi. Gíga 1, ilẹ̀ 1. Oòrùn wà ní dìgírì 45.

Lọ́yẹ́ ńkọ́? Ní nǹkan bí December 21, oòrùn ọ̀sán ti yẹ̀ kúrò lókè orí wa ní Ìlọrin ní nǹkan bí dìgírì 32 sí gúúsù. Tan ìyẹn jẹ́ 0.62, òjìji ọ̀sán ti tó sẹ̀ntímítà 62. Ẹ fi mítà 1 kún un, Àlàásárì di 1.62. Igun oòrùn jẹ́ tan⁻¹(1 ÷ 1.62), nǹkan bí dìgírì 31.7. Ọmọ wa, wo ibi tí 1 ÷ wà. Ó wà nínú àkámọ́, gíga igi tí a fi òjìji rẹ̀ pín ni. Kì í ṣe tan⁻¹ ni a sọ di 1 ÷ tan.

Àwọn onímọ̀ Baghdad bíi Habash al-Hasib ti ṣe tábìlì èyí ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Òjìji ni wọ́n sì ń pè é ní èdè Lárúbáwá, wọn ò mọ̀ ọ́n ní táńjẹ́ntì. Gáàbàsì tí a ń dojú kọ nígbà ìrun, ìyẹn ìhà Mẹ́kà, igun tan⁻¹ lòun náà. Láti Ìlọrin, ó tó dìgírì 65 láti àríwá sí ìlà-oòrùn, bí a bá ń tọ ọ̀nà tó kúrú jù lórí ayé.

Ìyá_Ọlọ́mọ_Mẹ́rin · Ọjọ́rú, 8:00 alẹ́

Ààfáà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á fún yín ṣe. Ọmọ mi ti kọ gbogbo nọ́ńbà 89 yẹn sára ògiri yàrá rẹ̀. Ó wá ní kí n bi yín: tó bá jẹ́ òjìji ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ta ló sọ ọ́ di táńjẹ́ntì? Ta ló sì kó −1 yẹn lé e lórí?

Tíṣà_Ìṣirò · Ọjọ́rú, 9:05 alẹ́

Ará Denmark kan tó ń jẹ́ Thomas Fincke ló lo orúkọ náà nínú ìwé ní 1583. Láti inú Látìn ni, ó túmọ̀ sí “èyí tó ń fọwọ́ kàn”. Ẹ yà òbìrìkìtì tí ìdajì ìbú rẹ̀ jẹ́ 1. Ẹ fa ìlà kan tó dúró ṣánṣán, tó kàn fara kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹ wá fa ìlà mìíràn láti àárín òbìrìkìtì jáde ní igun tó wù yín, kó lọ bá ìlà tó fara kàn án yẹn. Gígùn láti ibi tó ti fara kàn án dé ibi tí wọ́n ti pàdé ni tan igun náà. Tí igun bá di 90, ìlà méjèèjì dúró ṣánṣán, wọn ò pàdé mọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ERROR rẹ̀ nìyẹn nínú àwòrán.

John Herschel, ará Gẹ̀ẹ́sì, ló gbé −1 yẹn jáde ní 1813. Ó ní ìdí tirẹ̀, ṣùgbọ́n tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́ pé ó ti na ọ̀pọ̀ ọmọ ní máàkì. tan²θ túmọ̀ sí tan θ × tan θ, ọmọ á sì rò pé tan⁻¹ náà á tẹ̀ lé òfin yẹn. Kò tẹ̀ lé e. Arctan ni mo máa ń kọ sójú pátákó nígbà tí mo ń kọ́ni, tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n tán ni mo tó ń fi tan⁻¹ hàn wọ́n.

Kí n fi nǹkan kan ta ẹ̀yin ọmọ lọ́rẹ. Ní 1706, John Machin rí i pé arctan 1/5 lọ́nà mẹ́rin, tí a bá yọ arctan 1/239 kúrò nínú rẹ̀, jẹ́ 45 gééré. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: 11.30993 × 4 jẹ́ 45.23972. Arctan 1/239 jẹ́ 0.23973. Ẹ yọ ọ́, ẹ wo ohun tó kù, ìdá tín-ín-tín ẹ̀yìn yẹn kàn jẹ́ torí pé a gé nọ́ńbà kúrú. Ohun yìí ló fi ṣírò π dé nọ́ńbà 100 lẹ́yìn àmì ìdá, láìsí kàkúlétọ̀.

Kápẹ́ńtà_Òṣogbo · Ọjọ́rú, 9:50 alẹ́

A tẹ̀ ẹ́ nílé báyìí. 45 ló kù lóòótọ́. Ọmọ mi obìnrin ò fẹ́ sùn mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_SS3 · Ọjọ́bọ̀, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ sà. Tíṣà, mo kọ́kọ́ rò pé tan⁻¹(tan 250°) máa jẹ́ 250, torí pé mo rò pé lílọ àti bíbọ̀ ni. Mo wá rántí Ìgbòọrà. 250 kò gbé àdúgbò −90 sí 90. Mo yọ 180, ó ku 70. Mo tẹ̀ ẹ́, 70 ló gbé jáde. Mo dán tan⁻¹(tan 120°) náà wò láìtẹ nǹkan kan, mo ní −60, ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo tún ṣe ohun tí Ààfáà sọ. Igi ìbẹ́pẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tí àbúrò mi ní ó ga ju ilé lọ. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, mo gún pákó mítà 1 mọ́lẹ̀, òjìji rẹ̀ jẹ́ mítà 1.3. Òjìji ìbẹ́pẹ jẹ́ mítà 6.5. Mo ṣe tan⁻¹(1 ÷ 1.3), oòrùn wà ní 37.57. Mo wá fi tan 37.57 × 6.5, mo rí mítà 5. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo rí i pé mo lọ láti tan dé igun, mo sì tún padà láti igun dé tan. Ǹ bá kàn fi 1.3 pín 6.5, mítà 5 náà ni, láìtẹ tan rárá. Igun ni mo nílò tan⁻¹ fún. Gíga ìbẹ́pẹ ò nílò rẹ̀.

Ṣé ó tọ̀nà sà?

Tíṣà_Ìṣirò · Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́

Ó tọ̀nà, ọmọ mi. 37.57 kò tó 45, òjìji sì gùn ju pákó lọ. Wọ́n bára mu. Lọ fi ìwé yẹn han ọ̀rẹ́ rẹ tí kàkúlétọ̀ rẹ̀ wà ní R, kó yí i sí D kí ìdánwò tó dé.